Ẹ̀wà Kan, Ojú Kan

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ooru. Ooru tó lè se ẹyin láìsí iná.

Mo ti ilé-ìwé dé, mo fẹ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yọ́ wọlé kí Màmá má baà rán mi níṣẹ́, ni mo bá gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn kọ́tìn tí àwọn oníbàárà ti máa ń wọ aṣọ wò. Àǹtí ni àbúrò Màmá. Àwọn ló ń bá Màmá gba àwọn oníbàárà lálejò, àwọn náà ló ń ta ìpara lórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, àmọ́ ojú ọmọ yín ò ṣe é lẹ̀ mọ́ ògiri lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ onílé. Ojú tiẹ̀ ń dán bí àwo."

Màmá ò fèsì. Máṣíìnì wọn kàn dúró. Ó dúró, ó dúró, lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ó yẹ kí wọ́n fèsì.

Fọ́tò gàgàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, èmi ni. Ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, èmi ni. Ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn náà, èmi ni, eyín mi kan ò tíì hù níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni Màmá máa ń rán aṣọ kan tó ju gbogbo aṣọ lọ, èmi á wọ̀ ọ́, onífọ́tò á yà mí, wọ́n á gbé mi kọ́. Àwọn awakọ̀ mọ̀ mí. Ajá àdúgbò mọ̀ mí. Wàyí o, torí irorẹ́ mélòó kan (ó dáa, kì í ṣe mélòó kan, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè mí ní Máàpù, wọ́n ní gbogbo ìlú tó wà láyé ló wà lójú mi), wọ́n fẹ́ fi ọmọ onílé rọ́pò mi!

Mo fa kọ́tìn sápá kan. "Ẹ káàsán o. Ojú ta ni ò ṣe é lẹ̀?"

"Ẹ wò ó," ni Àǹtí wí fún Màmá, "etí ẹ̀ bí etí ehoro." Wọ́n gbé ike kan jáde, ike bọ́tà tí wọ́n ti họ ìwé ara ẹ̀ dànù. "Gbà, fi èyí pa á. Ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Àǹtí, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ìpara lorúkọ ẹ̀."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ìpara ló wà nínú ẹ̀! Gbogbo ìpara, ọ̀kan náà ni."

Mo ní kí wọ́n lọ fi pa ojú ọmọ onílé tó ti ń dán tẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Màmá tó lanu. Wọn ò gbójú sókè. "Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn oṣù karùn-ún la máa ya fọ́tò. Ojú tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn la máa yà."

Ó ti yé mi. Ìjà dé.

Àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Rédíò torí kò sóhun tó gbọ́ tí kì í gbé sáfẹ́fẹ́, ti ròyìn ẹ̀ dé ìparí àdúgbò kí n tó jẹun tán.


Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta

Owó tí mo ń tọ́jú fún bàtà ti di túùbù méjì. Bàtà, ó dìgbà o.

Obìnrin ni apòògùn tó wà ní kẹ́míìsì tó kọjú sí ibùdókọ̀. Wọ́n máa ń wọ awò ojú, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí bu ọ̀rọ̀ fún. Wọ́n tan iná sí mi lójú.

"Ṣé o máa ń tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi kẹ̀? Láéláé."

Wọ́n wo èékánná mi. "O máa ń tẹ̀ ẹ́. Jáwọ́."

Wọ́n ní irorẹ́ mi ò le jù, pé ó mọ níwọ̀n. Inú bí mi díẹ̀. Ó mọ níwọ̀n bíi báwo? Èyí tó wà nímú mi ti ga débi pé ó ní òjìji tiẹ̀!

Wọ́n gbé túùbù méjì sórí kántà. "Èyí, bẹnsọ́ìlì. Ó ń pa kòkòrò tó ń jẹ́ kí irorẹ́ wú. Èyí, adápalíìnì. Ó ń ṣí ihò ara tó dí, kí òmíì má baà hù. Òun máa ń pẹ́, ó sì lè burú sí i kó tó dáa."

"Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?"

"Ojú yàtọ̀ sójú."

Nǹkan kan bá tàn nínú agbárí mi. "Tí mo bá fi ọ̀kan sósì, tí mo fi ọ̀kan sọ́tùn-ún ńkọ́? Kí wọ́n jọ figẹ̀ wọngẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín wọn. "O lè ṣe é. Fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta." Wọ́n ní ọṣẹ tí ò le ni kí n máa fi bọ́jú, kí n máa fi ìpara tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn pa á kí n tó jáde. Mo ti débi ilẹ̀kùn kí wọ́n tó tún pè mí. "Ìwọ̀n ẹ̀wà kan, ojú kan. Alaalẹ́."

Mo fi ṣe orin délé. Ẹ̀wà kan, ojú kan, ẹ̀wà kan, ojú kan. Àǹtí gbọ́, wọ́n ní, "Ẹwà wo? Mi ò rí ẹwà kankan lójú yẹn."


Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù kẹta

Mo bẹ̀rẹ̀ lánàá. Òsì: bẹnsọ́ìlì. Ọ̀tún: adápalíìnì. Iwájú orí: mi ò fi nǹkan kan sí i, kó máa ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo ojú irorẹ́ pátá ló gba ẹ̀wà tiẹ̀, mi ò rẹ́ ọ̀kan jẹ. Nígbà tí mo ṣe tán, mo dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Túùbù méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówó ṣe ń ṣe é.


Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta

Iná o! Ẹ bá mi pe panápaná!

Ojú mi ń jó, ó ń ta, ó ń bó bí ọ̀dà ilé àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí àwàdà kan ní kíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fọ́. Rédíò ti ń kéde káàkiri pé, "Máàpù ti gbiná! Òsì ti lọ, ọ̀tún ń lọ!" Mo fi síkáàfù bo ojú sáré lọ sí kẹ́míìsì.

Apòògùn ní, "Báwo lo ṣe lò ó?"

"Bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹ̀wà kan, ojú kan."

"Ẹ̀wà kan péré ló ṣe báyìí?"

"Ẹ̀wà kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú irorẹ́ tó wà lósì nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ẹ̀wà inú ọjà."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. "Ojú irorẹ́?"

"Ẹ ṣáà ní ojú kan!"

"Ojú tó o fi ń wò mí yìí ni mo wí! Odindi ojú! Gbogbo ẹ̀, ẹ̀wà kan! Tìẹ tó o wá là sí méjì, ìdajì ẹ̀wà lápá kan, ìdajì lápá kejì!"

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ọmọ aránṣọ ni mí. Abẹ́rẹ́ ní ojú. Egbò ní ojú. Eéwo ní ojú. Kí ló dé tí irorẹ́ nìkan ò ní lè ní ojú?"

Wọ́n fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Wọ́n gbá kántà mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tó ṣe, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní kí n sinmi títí ojú ò ní bó mọ́, kí n fi ìpara lásán tù ú, kí n sì wá máa fo ọjọ́ kan láàárín. "Láti òní lọ," ni wọ́n wí, "gbogbo ojú ni màá máa sọ fún àwọn èèyàn."

Èmi ni mo tún ọ̀rọ̀ apòògùn ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa, mo ti kọ ọ́.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ẹ̀wà, ìdajì ẹ̀wà. Ó kéré débi pé mo bú túùbù ní ahun.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Òsì ń gbìyànjú. Àwọn tó wú, tó pọ́n, tó ń dùn mí tí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ti ń rẹlẹ̀.

Ọ̀tún ti ya wèrè. Gbogbo ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ awọ láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló jáde síta lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ń kí ara wọn kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé apòògùn ti ní ó lè burú kó tó dáa. Mo mọ̀. Àmọ́ kì í ṣe apòògùn ló ń gbé e kiri.

Ìyẹn ò tilẹ̀ dùn mí tó èyí. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá ọmọ onílé lórí àpótí tí mo máa ń dúró lé, ó na apá méjèèjì, Màmá ń fi okùn wọn èjìká ẹ̀. Ọmọ náà ò ṣe mí ní nǹkan kan o, ó tilẹ̀ kí mi dáadáa. Àmọ́ àpótí mi ni.

Mo wo Màmá. Wọ́n wo okùn. "Bó bá di dandan ni," ni wọ́n wí, bíi pé okùn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àǹtí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé o rí i? Ìpara kẹ́míìsì tìẹ yẹn, ó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ni? Gba tèmi, jàre."

Mo gbà á. Kì í ṣe pé mo túúbá o! Ìdíje ni mo dá sílẹ̀, wọ́n sì ní gbogbo ìpara, ọ̀kan náà ni. Ó dáa, kí wọ́n wá fi hàn mí lórí pápá. Òsì ti bẹnsọ́ìlì, ọ̀tún ti adápalíìnì, iwájú orí ti Àǹtí. Ẹlẹ́rìí ti di agbábọ́ọ̀lù.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Mi ò fẹ́ kọ èyí sílẹ̀.

Iwájú orí mi ń dán. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ mọ́. Ó ń dán débi pé Rédíò dúró síwájú mi láàárọ̀, ó fi ya irun ẹ̀.

Àǹtí ń rìn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Oníbàárà kan ò lè wọlé wá wọn aṣọ mọ́ kí wọ́n má pè mí: "Máàpù mi, wá! Gbé irun ẹ sókè! Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án!" Wọ́n ti ta ike mẹ́ta. Ìyàwó onílé ra ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀, ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe lójú!

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn gan-an kì í ṣí síkáàfù orí wọn nínú ooru yìí, tí wọ́n máa ń so ó wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Wọ́n ní àṣà ìgbàlódé ni, pé kí ni mo mọ̀.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin

Mo ti kú. Ẹ̀mí mi ló ń kọ èyí.

Màmá ti rán aṣọ ọdún yìí tán. Aró dúdú ni, ó rẹwà tó fi ń dẹ́rù bà mí, kọ́là ẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fẹ́ fò. Wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn kọ́tìn. Lánàá, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo yọ́ wọ̀ ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bó ṣe máa rí lára mi, bí kò bá tiẹ̀ ní jẹ́ tèmi. Mo tẹ orí sósì níwájú dígí, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kọ́là, mo ṣe ojú bí olówó tí wọ́n já kulẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo fi kọ́ padà, mo lọ bọ́jú.

Lónìí, ariwo Màmá ló jí wa. Kọ́là òsì ti ṣí! Àmì ńlá aláwọ̀ ọsàn wà lára ẹ̀, ó rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gẹ́lẹ́.

Ìrọ̀rí mi ti ń ṣí láti ìjọ́ yìí, mo kàn rò pé ọṣẹ tuntun ni. Bẹnsọ́ìlì ni! Ó ń jẹ àwọ̀ aṣọ! Èmi tí mò ń gbé nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ìpara tó ń jẹ àwọ̀ aṣọ ni mo lọ fi pa ojú.

"Ta ló ṣe èyí?"

Rédíò gbójú wo òkè àjà. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, mi ò rí i kó panu mọ́ rí.

"Èmi ni, Màmá."

Wọ́n gbé aṣọ náà lé itan. Wọn ò na mí, wọn ò bú mi. Máṣíìnì wọn ò dún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ká ní wọ́n ti bú mi ni, ǹ bá rí oúnjẹ jẹ.


Àìkú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin

"Wá gun àpótí."

Màmá ni. Síṣọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wọ aṣọ náà sí mi lára, wọ́n fi abẹ́rẹ́ onírin dè é lẹ́yìn, wọ́n rìn yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di kọ́là òsì mú, wọ́n sì gé e kúrò pátá. Mo pariwo. Èmi ni mo pariwo o, kì í ṣe wọn.

"Dúró jẹ́ẹ́. O ti pín ojú ẹ sí méjì, ká kúkú pín aṣọ náà."

Nígbà tí wọ́n gbá etí ibẹ̀ tán, kọ́là kan ṣoṣo ló kù, ó fò sókè lọ́tùn-ún bí ìyẹ́. Òsì wà ní gbangba, ọrùn àti èjìká nìkan. Ó yẹ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wo inú dígí, mi ò rí ẹni tó máa ń fi ojú wá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹlòmíì ni mo rí, ẹni tó jọ pé ó lè bá ènìyàn jà kó sì borí.

Mi ò béèrè èjìká ta ni wọ́n fi wọn aṣọ náà. Èjìká mi ló wà nínú ẹ̀.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́. Pánù òrùlé ń ké bí ẹni tí wọ́n ń dín.

Àǹtí ti lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan láti ọjọ́ Ẹtì, ike ìpara mi sì ti gbẹ ṣáájú kí wọ́n tó lọ. Lánàá, iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lónìí, ó ti bú. Kì í ṣe irú irorẹ́ tí mo mọ̀ o. Kéékèèké ni, pupa ni, gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n tò bí ọmọ ogun tó ń dúró de ọ̀gá wọn.

Mo gbé ike òfìfo náà lọ fún apòògùn. Wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n wá ìwé lára ẹ̀ tì.

"Mi ò lè búra sóhun tó wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ìwà tó hù yìí, ìwà àwọn tó ní sítẹ́rọ́ìdì ni. Ó máa ń tẹ wíwú mọ́lẹ̀, ojú á máa dán. Tó o bá fi í sílẹ̀, á gbẹ̀san."

"Kí n tún lò ó kó lọ ni?"

"Bó ṣe ń mú èèyàn nìyẹn. Má padà sí i. Jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, kó má ṣe dá a dúró fúnra ẹ̀; dókítà awọ ara ni kó lọ rí."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Mo bú ìpara náà lójú ọ̀nà délé. Mo bú ike ẹ̀. Mo bú bọ́tà tó kọ́kọ́ wà nínú ẹ̀.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹrin

Àǹtí dé. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé báàgì sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín! Ẹ pe àwọn oníbàárà o! Ẹ ní kí wọ́n wá fọwọ́ kàn án!"

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ méjì, mo fẹ́ tú u lé wọn lórí bí omi ìfọṣọ. Àmọ́ wọn ò bá mi jà. Wọ́n wo iwájú orí mi, ọwọ́ wọn sì lọ sí síkáàfù wọn, bí ìgbà tí ọwọ́ bá lọ síbi tó ń dunni.

Wọ́n fà mí sẹ́yìn kọ́tìn, kọ́tìn yẹn náà. Wọ́n tú síkáàfù.

Àwọn ọmọ ogun yẹn ló wà níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ ju tèmi lọ, awọ abẹ́ wọn sì ti fẹ́lẹ́ tí mo fi ń rí iṣan.

"Tí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á jáde," ni Àǹtí wí. Mi ò gbọ́ ohùn wọn kó kéré bẹ́ẹ̀ rí. "Tí mo bá fi í pa á, wọ́n á lọ. Mo rò pé ara mi ló burú. Mi ò mọ̀ pé ìpara ni. Mo fi búra, mi ò mọ̀."

Mo bá wọn so síkáàfù náà padà.

"Ẹ wọ bàtà yín."

"Níbo là ń lọ?"

"Ẹ wọ bàtà yín, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí n gbé yín kọ́ èjìká."

Mo di ọwọ́ wọn mú títí dé kẹ́míìsì bí ọlọ́pàá tó mú olè. Apòògùn kọ ibi tí dókítà awọ ara wà fún wọn. Ká tó kúrò nílé, Àǹtí ti rọ̀ mí pé, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Rédíò gbọ́."

Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ tábìlì ìgé-aṣọ: "Mo ti gbọ́."


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Aṣọ ò gbẹ, inú Màmá ò dùn, òwú tún ti gbówó lórí.

Àǹtí ti kó ike gbogbo kúrò lórí tábìlì. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n lọ ilé àwọn tó ra ìpara lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n gbowó wọn. Ìyàwó onílé gbá ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó tún gbá a. Wọ́n tún kàn án, títí wọ́n fi gba ike náà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti jogún agídí.

Rédíò ò tíì sọ ọ̀rọ̀ síkáàfù fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Iná rédíò lọ."


Ọjọ́rú, ogúnjọ́ oṣù karùn-ún

Ẹ gbọ́ èsì ìdíje.

Òsì, bẹnsọ́ìlì: òun ló kọ́kọ́ ta góòlù. Ó yára pa àwọn tó wú. Àmọ́ ó ń mú kí ojú mi gbẹ, ó sì jẹ ìrọ̀rí méjì àti kọ́là kan.

Ọ̀tún, adápalíìnì: ó fi oṣù kan dójú tì mí, lẹ́yìn náà ló yí padà. Àwọn kéékèèké olórí dúdú, àwọn olórí funfun tó ti ń gbé lágbọ̀n mi láìsan owó ilé, ó lé wọn jáde. Awọ ibẹ̀ ń jọ̀lọ̀ lábẹ́ ọwọ́.

Iwájú orí: àwọn ọmọ ogun ń túká, wọn ò tíì lọ tán.

Mo bi apòògùn pé ta ló gba ife. Wọ́n ní àwọn ì bá ti so méjèèjì pọ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, gbogbo ojú. "Kí ló dé tí ẹ ò wí?" "O ní o fẹ́ kí wọ́n figẹ̀ wọngẹ̀."

Àpá dúdú ṣì wà níbi tí àwọn tó lọ ti lọ. Apòògùn ní yóò ṣí, àmọ́ kò ní tó oṣù yìí. Rédíò ní, "Àwọn ìlú ti kó kúrò. Orúkọ wọn ló kù."


Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́ oṣù karùn-ún

Ọjọ́ fọ́tò. Mo jí, mo wo dígí. Ó wà níbẹ̀. Ní àárín àgbọ̀n gan-an, tuntun, pupa, ó jókòó bí ọba. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń sá mọ́ mi lọ́wọ́, òní ló yàn!

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ìka mi dé ibẹ̀, mo sì gbé e kúrò.

Mo rìn wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú mi bó ṣe wà: àpá lọ́tùn-ún àti lósì, ìyókù ọmọ ogun níwájú orí, ọba lágbọ̀n. Mo ti múra ìjà. Tí wọ́n bá ní ọmọ onílé, màá jókòó sórí àpótí náà, kí wọ́n gbé èmi àti àpótí sọ síta.

Màmá gbá àgbọ̀n mi mú, wọ́n yí ojú mi síbi ìmọ́lẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ kí wọ́n tó gé e.

"Mo ní ojú tó bá wà nílẹ̀ la máa yà, àbí?"

"Ẹ wí bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ojú ẹ ló wà nílẹ̀. Gun àpótí."

Onífọ́tò ní kí n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbé àgbọ̀n sókè, èmi àti ọba.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Onífọ́tò gbé fọ́tò dé. Ó tú bébà tí wọ́n fi wé e, ó fà sẹ́yìn kí a lè kan sáárá sí i.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀. Ó wọ aṣọ mi, ó dúró bíi tèmi. Ojú ẹ̀ mọ́ bí ike tuntun. Kò sí àpá, kò sí ọba, kò sí ọmọ ogun. Ihò imú ẹ̀ gan-an, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á rẹ́.

Máṣíìnì Màmá dúró.

Mo mọ ìdúró yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́yìn kọ́tìn, ọjọ́ tí wọn ò fèsì. Mo di ọwọ́ méjèèjì.

"Ta nìyí?" ni Màmá wí.

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín ni, Màmá. Mo kàn bá yín nu ojú ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀fẹ́ ni o."

"Ọmọ tèmi ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó ní ọ̀kan tó wú lágbọ̀n. Mo rí wọn lórí àpótí yìí. Níbo lẹ kó wọn lọ?"

"Màmá, gbogbo èèyàn ló ń ṣe é báyìí..."

Wọ́n dìde. Màmá kì í dìde fún oníbàárà, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. "Mo ní, ẹ dá irorẹ́ ọmọ mi padà."

"Kó pé o!" Àǹtí ni, láti ìdí bọ́tìnnì. Síkáàfù wọn wà lọ́rùn, kò sí lórí. "Ẹ má fi ẹyọ kan pamọ́! A mọ gbogbo wọn lójú!"

Ojú irorẹ́. Àǹtí gan-an ló gbà pé irorẹ́ ní ojú. Mo wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú mi, kì í ṣe torí irorẹ́.

Rédíò ti dé ìta. Iná rẹ̀ ti dé: "Wọ́n jí irorẹ́ gbé! Màmá ti mú olè!"


Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Wọ́n gbé mi kọ́. Gbogbo wa pé: àpá, ọmọ ogun, ọba, kọ́là kan. Oníbàárà méjì ti wá béèrè aṣọ olókọ́là kan.

Ọmọ kékeré kan dúró lójú títì, ó na ìka sí fọ́tò náà, ó kígbe pé, "Máàpù nìyẹn!"

Mo yọrí síta lójú fèrèsé. "Èmi ni. Tó o bá ṣìnà, wá bi mí."